Iná wo ló yẹ dírónù kékeré? Ìfiwéra iná àtàwọn nǹkan míì tí a ń so mọ́ ọn

Gíráàmù 16 ni iná àkọ́kọ́ tí mo lẹ̀ mọ́ dírónù mi. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn, torí mi ò gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ohun tí mo rí ni pé ó mọ́lẹ̀ yòò, pé kò ju ọmọrí ìgò lọ, àti pé ikùn dírónù náà ní àyè pẹrẹsẹ kan tó dà bíi pé wọ́n dìídì fi sílẹ̀ dè é. Mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, mo gbé dírónù sókè lálẹ́. Kò dúró sójú kan. Ó ń rá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi tí wọn ò so. Nígbà tí mo ní kó balẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ dé bí ìwọ̀n orúnkún, ó dúró, ó tún gbéra padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣé ẹ̀gbẹ́ ojú tó fi ń wo ilẹ̀ ni àyè pẹrẹsẹ yẹn wà, mo sì ti tan iná sí i lójú.

Ìdí nìyẹn tí ìfiwéra yìí kò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí iná tó mọ́lẹ̀ jù. Ìwọ̀n ló ṣáájú, ibi tí nǹkan máa jókòó sí ló tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń tàn tó, ẹ̀yìn ni mo fi ìyẹn sí.

Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ná

Bí ẹ bá wo apá Mavic Mini, dírónù tí ilé iṣẹ́ DJI gbé jáde ní 2019, ẹ ó rí 249 gíráàmù tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mini 2, Mini 3 Pro àti Mini 4 Pro tó dé lẹ́yìn rẹ̀ náà kò fẹ́ kọjá ibẹ̀. Kì í ṣe pé nọ́ńbà yẹn wu àwọn tó ṣe é. 250 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fa ìlà sí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń fi dírónù ṣeré kò ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí kò bá tó 250 gíráàmù. Ní Yúróòpù, 250 yẹn náà ni ẹ̀ka C0, tí òfin rẹ̀ fúyẹ́ jù, parí sí.

Ìwọ̀n tí òfin ń wò kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára páálí. Ohun tó gbéra kúrò nílẹ̀ ni, tòun ti iná, tòun ti téèpù tí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ fi gíráàmù méjì péré lé 249, ìforúkọsílẹ̀ dé nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, Remote ID, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí dírónù ń kéde bó ṣe ń fò, á tún tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, oríta kan wà níbí. Bí tiyín bá jẹ́ irú Mavic Air 2, tó jẹ́ 570 gíráàmù kí ẹ tó so nǹkan kan mọ́ ọn, ẹ ti kọjá ìlà náà tipẹ́, iná gíráàmù 16 kò yí nǹkan kan padà lójú òfin. Bó bá jẹ́ ti 249 ni, kò sí iná kankan tó fúyẹ́ tó láti má gbé yín kọjá ìlà, àyàfi tí ẹ bá yọ nǹkan míì kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ fún yín pé "iná yìí kò wúwo rárá." Ẹ bi í pé gíráàmù mélòó.

Yàtọ̀ sí òfin, bátìrì náà ń gba tirẹ̀. Agbára tí dírónù ń ná láti dúró sójú kan lókè kì í bá ìwọ̀n rìn ní déédéé. Ó máa ń yára ju ìwọ̀n lọ. Bí ìwọ̀n bá fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, agbára á fi nǹkan bíi 15 pọ̀ sí i. Ẹ mú dírónù 249 gíráàmù kan tí wọ́n ní ó lè lo ìṣẹ́jú 31 lókè, kí ẹ so gíráàmù 20 mọ́ ọn. Ìwọ̀n fi 8 lé, agbára fi 12 lé, ìṣẹ́jú 31 wálẹ̀ sí nǹkan bíi 27 àbọ̀. Ìṣẹ́jú 31 yẹn gan-an, ibi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ ni wọ́n ti rí i. Lójú òde tí igi ń mì, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú bátìrì láti fi bọ̀ wálé, ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ kì í ṣe kékeré.

Iná tí a fi ń hàn, iná tí a fi ń ríran

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra ohun tí kò bá iṣẹ́ wọn mu. Iṣẹ́ méjì ni iná ń ṣe lára dírónù, wọn ò sì jọra. Èkíní ni kí ẹlòmíì, tàbí ẹ̀yin fúnra yín, lè rí dírónù náà. Èkejì ni kí kámẹ́rà lè rí ilẹ̀. Iná kékeré tó ń ṣẹ́jú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lè ṣe tàkọ́kọ́ dáadáa láti ọ̀nà jíjìn, síbẹ̀ kó má lè tan ìmọ́lẹ̀ sórí òrùlé kan ṣoṣo.

| Irú iná | Ìwúwo | Ohun tó dára fún | Ibi tó ti ń kùnà |
|---|---|---|---|
| Iná tó bá dírónù wá | kò sí àfikún | mímọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn nítòsí | kì í hàn lọ́nà jíjìn |
| Iná oníbátìrì ẹyọ | nǹkan bíi 4 sí 8 g | kí ẹ má baà sọ ọ́ nù lójú nírọ̀lẹ́ | kò lágbára tó ti òfin alẹ́ |
| Iná aṣẹ́jú tí à ń ṣáàjì | nǹkan bíi 7 sí 20 g | kí baálù àti èèyàn rí i láti òkèèrè | ó ń wọ inú fídíò bí ẹ bá gbé e síbi tí kò yẹ |
| Iná ńlá tó ń tan ilẹ̀ | 30 g lọ sókè | wíwo nǹkan nítòsí | bátìrì, ìwọ̀n, ìjìnnà |

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, torí ìyẹn ló ń tan èèyàn jù. Iná ńlá tí wọ́n ń gbé sábẹ́ dírónù máa ń dùn ún wò nínú fídíò tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ní àbùdá kan tí kò ṣeé bẹ̀: bí ẹ bá sọ ìjìnnà di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó kan ilẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Iná tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán ní mítà 5, ìdá kan nínú 36 rẹ̀ ló kù ní mítà 30. Dírónù kékeré kò sì lè gbé iná tó tóbi tó láti fi borí ìyẹn. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ wíwo abẹ́ afárá tàbí inú ihò òkúta nítòsí, ó wúlò. Bó bá jẹ́ láti ya ilẹ̀ láti òkè lóru, kámẹ́rà tó ń ríran dáadáa nínú òkùnkùn ló yẹ kí ẹ náwó lé, kì í ṣe iná.

Iná tó bá dírónù wá kò yẹ kí ẹ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Nítòsí, òun ló ń sọ fún yín ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí. Àmọ́ fún òfin alẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti oṣù kẹrin 2021 ni Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹni tó bá ń fò lóru lábẹ́ Part 107, ìyẹn òfin àwọn tó ń fi dírónù ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ ní iná tó ń ṣẹ́jú tí èèyàn lè rí láti máìlì mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 4.8. Iná ara dírónù kékeré kì í sábà dé ibẹ̀. Ní Yúróòpù, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2022, àwọ̀ ewé ni iná aṣẹ́jú tí wọ́n ní kó wà lára dírónù lálẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà: ibì kan ń bèèrè bó ṣe jìnnà tó, ibì kejì ń bèèrè àwọ̀. Iná funfun tó dára ní apá kan lè má bófin mu ní apá kejì, bó ti wù kó tàn tó. Kí ẹ tó ra, ẹ wo òfin ibi tí ẹ ti ń fò.

Láàárín oníbátìrì ẹyọ àti èyí tí à ń ṣáàjì, èmi á sọ pé kí ẹ mú onísáàjì, bí ẹ bá ti fẹ́ fò lóru tán. Bátìrì ẹyọ pẹlẹbẹ, irú CR2032, jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta, ó fúyẹ́, kò ní wáyà, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ ni iná ń rẹ̀ ẹ́, kò sì ní sọ fún yín. Ẹ lè gbéra pẹ̀lú iná tó ti dinkù sí ìdajì láìmọ̀. Iná onísáàjì tó dára máa ń lò ju bátìrì dírónù méjì tàbí mẹ́ta lọ kó tó kú, nítorí náà ẹ má fi iye wákàtí ṣe ìdí tí ẹ fi yan ọ̀kan fi òmíràn sílẹ̀. Ohun tí ẹ ní láti wò ni bọ́tìnnì rẹ̀. Àwọn kan wà tí bọ́tìnnì wọn rọ̀ débi pé inú àpò ni wọ́n ti ń tan ara wọn. Ẹ óò débi iṣẹ́, iná ti kú.

Ọ̀nà kan tún wà tí mi ò fi sínú àtẹ náà, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yàn án: fífa iná láti inú bátìrì dírónù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú wáyà. Ó ń gba gíráàmù díẹ̀ là lóòótọ́. Àmọ́ bátìrì àwọn dírónù wọ̀nyí ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú tó ń ka iye iná tó ń jáde, àti pé bí wáyà kan bá kan èkejì lókè, ohun gbogbo ló ń bọ̀ nílẹ̀.

Lórí àwọ̀, bí òfin kò bá ti yàn fún yín: funfun ló sábà máa ń lọ jìnnà jù. Ojú èèyàn máa ń tètè mú àwọ̀ ewé ju pupa lọ, kí ẹ má fi pupa ṣe iná kan ṣoṣo tí ẹ ní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè gbé méjì, ẹ fi funfun síwájú, pupa sẹ́yìn. Iná kan ṣoṣo tó ń ṣẹ́jú nínú òkùnkùn ń sọ fún yín pé dírónù wà níbẹ̀, kò sọ bóyá ó ń bọ̀ tàbí ó ń lọ. Ẹni tó bá ti fa ọ̀pá rìmóòtù sí ẹ̀yìn rí, tó wá rí i pé ńṣe ni ó ń jìnnà sí òun, mọ ohun tí mò ń sọ. Iná méjì náà gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà, kí ọ̀kan má wà lápá òsì kí èkejì sì wà ní ìdí.

Ibi tí yóò jókòó sí

Ẹ yí dírónù yín dojú dé, kí ẹ wò ó bí ẹni tó ń wo ẹja kó tó gé e. Àwọn ojú kékeré méjì tàbí mẹ́rin wà níkùn: ojú tó fi ń wo ilẹ̀, àti àwọn tó ń rán ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí sílẹ̀ láti mọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó. Àwọn ihò tín-tìn-tín wà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé láti mú kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ tutù. Lára ọ̀pọ̀ dírónù kékeré, áńténà wà nínú ẹsẹ̀ tàbí apá iwájú. Lókè, lábẹ́ ike, GPS wà níbẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run. Tí ẹ bá mú gbogbo ìwọ̀nyí kúrò, àyè tó ṣẹ́ kù kò pọ̀.

Ikùn dára fún kí ẹ̀yin tí ẹ dúró nílẹ̀ lè rí iná. Orí ni baálù ti lè rí i. Èyí ni ìfiwéra tí mo rò pé ó ṣe kókó jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí iná kan náà níbi méjì jẹ́ iná méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí, kámẹ́rà kò kọjú síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń lọ sókè, fídíò á mọ́. Àmọ́ bí dírónù bá wà lókè orí yín gan-an, ara rẹ̀ á bo iná náà, ẹ ò ní rí i. Níkùn, ẹ ó rí i dáadáa, àmọ́ ojú ilẹ̀ lè fọ́ bí tèmi ṣe fọ́, ìrì tàbí kùrukùru tó wà lábẹ́ á sì máa tàn funfun balau nínú fídíò ní gbogbo ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú. Ìdí dírónù, lókè ilẹ̀kùn bátìrì, jẹ́ ibi àárín tó dára: kò sí ojú níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀, kámẹ́rà kọjú síbòmíì, ẹ sì lè rí i bó ṣe ń lọ. Tí bátìrì dírónù yín bá jẹ́ irú èyí tó jókòó sórí rẹ̀ bíi ti Mavic Air 2, ẹ má lẹ iná mọ́ bátìrì náà. Ẹ óò pààrọ̀ bátìrì, iná óò bá ti àkọ́kọ́ lọ sínú báàgì, ẹ óò sì gbéra láìní iná.

Apá náà dára fún iná kéékèèké méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì, ẹ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀rùn lẹ́ẹ̀kan yípo. Abẹ̀bẹ̀ dírónù kékeré rọ̀, ó sì lè tẹ̀ díẹ̀ bó bá ń yí. Ohun tó wà nítòsí rẹ̀ tí kò kàn án nígbà tó dúró lè kàn án nígbà tó bá ń yí kíkankíkan. Ẹ tún pa apá pọ̀ bí ìgbà tí ẹ fẹ́ gbé e sínú báàgì. Bí iná kò bá jẹ́ kó pa dé, ojoojúmọ́ ni ẹ óò máa yọ ọ́, bó bá sì jẹ́ ojoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ dáadáa.

Ohun tí a fi ń so ó

Téèpù olójú méjì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ó fúyẹ́ jù, ó sì ń mú ṣinṣin lórí ike tó dán, bí ẹ bá kọ́kọ́ fi sípíríìtì nù ún, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ẹ sì jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fò. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ tó sì gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò tíì rí agbára téèpù náà. Wàhálà rẹ̀ ni oòrùn: ike dírónù tí wọ́n gbé sílẹ̀ nínú ọkọ̀ á gbóná, gọ́ọ̀mù á rọ̀, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Velcro, ìyẹn aláwẹ́ méjì tó ń di ara wọn mú bíi ti bàtà ọmọdé, jẹ́ kí ẹ lè yọ iná kí ẹ sì dá a padà. Èyí ni mo yàn. Owó tó ń gbà ni ìwọ̀n, torí téèpù gọ́ọ̀mù ṣì wà lẹ́yìn aláwẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti pé ó ń mì díẹ̀. Mímì yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún kámẹ́rà. Bí iná tó ń gbọ̀n bá jókòó nítòsí gimbal, ìyẹn ọrùn tó ń mú kámẹ́rà dúró jẹ́ẹ́, fídíò á máa rọ̀ bí ògì tí wọ́n mì nínú abọ́. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀ tó jẹ́ olórí olú kéékèèké, tó ń dún "káá" bó bá wọnú ara wọn, ìyẹn le ju ti oníbàtà lọ.

Okùn rọ́bà àti okùn onídè máa ń yí ara dírónù ká. Wọ́n dára níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá kọjá lórí ojú tàbí ihò atẹ́gùn, èyí tó ṣòro lára àwọn kékeré. Òòfà ni mo ní kí ẹ sá fún pátápátá. Ó rọrùn lóòótọ́, káá, ó ti mú. Àmọ́ dírónù ní kọ́ńpáàsì nínú tó fi ń mọ àríwá, òòfà ló sì ń kà. Ẹ gbé òòfà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, àríwá á di ibòmíì, dírónù á bẹ̀rẹ̀ sí í fò yípo. Bí áàpù bá ń pariwo kọ́ńpáàsì lẹ́yìn tí ẹ so nǹkan tuntun, ẹ má kàn tún un ṣètò kí ẹ sì máa lọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ nǹkan náà.

Àwọn nǹkan míì, kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe?

Ọgbà abẹ̀bẹ̀, ìyẹn ike tó yí abẹ̀bẹ̀ ká, ló máa ń wu olùbẹ̀rẹ̀ jù. Nínú ilé, láàárín ògiri mẹ́rin, mo fọwọ́ sí i: ó gba abẹ̀bẹ̀ là, ó sì gba ojú èèyàn là. Lójú òde, ìfiwéra náà yí padà. Ó wúwo ju iná lọ, dírónù 249 kò lè gbé e kó má kọjá 250, ó tún jẹ́ kí atẹ́gùn rí nǹkan dì mú. Dírónù tó ní ọgbà lára á máa tẹ̀ síwájú púpọ̀ kó tó lè bá atẹ́gùn jà. Lára àwọn tó ní ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọgbà náà gan-an lè di ohun tí ojú yẹn ń rí bí ìdènà. Ọgbà nínú ilé. Lóde, ẹ yọ ọ́.

Ẹsẹ̀ àfikún ni wọ́n ń fi gbé ikùn àti kámẹ́rà sókè kúrò nínú koríko àti iyanrìn. Ẹ fi í wé aṣọ ìbalẹ̀, irú ike pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ sílẹ̀ kí dírónù gbéra lórí rẹ̀. Aṣọ náà kò fi gíráàmù kan ṣoṣo kún dírónù, torí nílẹ̀ ló wà. Àyàfi bí ibi tí ẹ ti ń fò kò bá ní ibi pẹrẹsẹ kankan, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa gbé ẹsẹ̀ lọ sókè tó jẹ́ pé nílẹ̀ nìkan lẹ nílò rẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ tó ń léfòó lórí omi ńkọ́? Wọ́n bo ikùn, omi fúnra rẹ̀ sì ń tan ojú ìsàlẹ̀ jẹ. Ẹ fi sílẹ̀.

Gíláàsì ND, ìyẹn gíláàsì dúdú tí a ń fi sójú kámẹ́rà, ni ohun kan tí mo rò pé ó tọ́ sí gíráàmù rẹ̀ jù lójú ọ̀sán. ND8 máa ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ wọlé, ND16 ìdá kan nínú 16, ND64 ìdá kan nínú 64. Ìlò rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ń ya fídíò ní àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ máa fẹ́ kí kámẹ́rà ṣí ojú fún nǹkan bí ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá kí ìrìn má dà bí ẹni tó ń ta kébékébé. Nínú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù fún ìyẹn, gíláàsì á dín in kù. Irú méjì ló wà. Àwọn kan ń gbé lé orí gíláàsì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní kí ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀ kí ẹ fi tiwọn rọ́pò, bíi ti Mini 3 Pro. Èyí tó ń rọ́pò ló sàn, torí imú kámẹ́rà kò ní wúwo ju bí ọrùn rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wúwo jù, áàpù á sọ pé ẹ́ńjìnì gimbal ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ fi í sí kí ẹ tó tan dírónù, má ṣe fi í sí nígbà tí ọrùn ti ń yí.

Ohun ìtọpinpin: AirTag ti Apple jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 11, bátìrì CR2032 ló wà nínú rẹ̀. Kò ní GPS. Fóònù Apple tó bá kọjá nítòsí rẹ̀ ló ń sọ ibi tó wà. Láàárín èèyàn, ó dára. Nínú igbó tí ẹnì kankan kì í gbà, kò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ inú igbó gan-an ni dírónù máa ń sọ nù sí. Áàpù dírónù fúnra rẹ̀ ń tọ́jú ibi tó gbọ́ ọ kẹ́yìn, ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo.

Bátìrì ńlá: ti Mini 3 Pro jẹ́ gíráàmù 121 dípò 80.5, wọ́n sì ní ìṣẹ́jú 47 dípò 34. Ó ti kọjá 250 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fẹ́ kọjá ìlà tẹ́lẹ̀ nítorí iná, ẹ ò bá kúkú gbé bátìrì yìí pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló máa san gbèsè tí iná jẹ.

Ìkọ́ tó ń ju nǹkan sílẹ̀ láti òkè: lábẹ́ ẹ̀ka Open ti Yúróòpù, ìyẹn ẹ̀ka tí ọ̀pọ̀ dírónù kékeré ń fò lábẹ́ rẹ̀, jíju ohunkóhun sílẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Ẹrù tó ń fì lábẹ́ okùn tún ń bá dírónù kékeré ja ìjàkadì. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sítíkà ọ̀ṣọ́? Ẹ wọ̀n ọ́n. Àwọn tó bo gbogbo ara máa ń jẹ́ gíráàmù díẹ̀, wọ́n sì ń dí ihò atẹ́gùn.

Kí ẹ tó gbé e lọ síbi iṣẹ́

Ẹ so ohun tí ẹ yàn, kí ẹ tún un wọ̀n, tòun ti bátìrì àti káàdì inú rẹ̀. Lójú ọ̀sán, níbi tí kò sí èèyàn, ẹ gbé e sókè bí ìwọ̀n mítà méjì kí ẹ sì fi ọ̀pá rìmóòtù sílẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i. Dírónù tí ẹrù rẹ̀ dọ́gba ń dún ní ohùn kan. Èyí tó tẹ̀ sí apá kan ń dún ní ohùn méjì, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ẹ wò ó bóyá ó ń rá lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ jẹ́ kó balẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ gbà á. Bó bá dúró lókè bí ìwọ̀n orúnkún tí kò fẹ́ bọ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ óò wò.

Nígbà tí abẹ̀bẹ̀ bá ti dúró tán, ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan orí ẹ́ńjìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ẹ sún iná náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún gbé e sókè.